Ẹ̀rí Ìparun Tí Ó Wà Nínú Amọ̀ Gubbio

 

Ẹ̀yin ará nínú ẹ̀sìn, Al-Kùránì pàṣẹ fún ọmọ ènìyàn pé kí ó rìn lórí ilẹ̀, kí ó sì wòye. Nítòsí ìlú Gubbio ní Ítálì, òkúta ẹfun tí ó jẹ́ ìsàlẹ̀ òkun nígbà láéláé wà ní ìpele lórí ìpele. Amọ̀ tín-ínrín kan là wọ́n láàrin, tí kò nípọn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Nísàlẹ̀ amọ̀ náà, karawun àwọn ẹ̀dá wíwẹ́ inú òkun pọ̀ lóríṣiríṣi. Lókè rẹ̀, ìwọ̀nba ni ó kù, wọ́n sì kéré jọjọ.

Walter Alvarez, onímọ̀ nípa òkúta, àti Luis bàbá rẹ̀, pẹ̀lú Frank Asaro àti Helen Michel, yẹ amọ̀ náà wò. Wọ́n bá iridium nínú rẹ̀, irin tí ó ṣọ̀wọ́n lórí ilẹ̀ ṣùgbọ́n tí ó pọ̀ nínú òkúta tí ń já bọ́ láti ojú sánmọ̀. Ó tó ìlọ́po 30 èyí tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀. Ní Denmark ó tó ìlọ́po 160. Ní New Zealand, ìlọ́po 20. Ọdún 1980 ni wọ́n kéde rẹ̀.

Ẹni tí ó kọ́ ìmọ̀ hádíìsì yóò mọ bí èyí ti wúwo tó. Ìròyìn ẹnì kan ṣoṣo kò dọ́gba pẹ̀lú èyí tí ó ti ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá, láti ẹnu àwọn tí kò lè pàdé láti jọ hùmọ̀ irọ́. Ní 1991 ni a sì mọ ojú ibi tí òkúta náà já sí: kòtò Chicxulub ní Mẹ́síkò, tí ìbú rẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 180. Ó ti tó mílíọ̀nù 66 ọdún. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gbogbo irú ẹ̀dá ni ó run.

Àwọn oníwàásù kan a máa ní ìkún omi ayé Ànábì Nuh ni ó fà á. Ọ̀rọ̀ náà kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀: kò sí eegun ènìyàn kan nínú ìpele wọ̀nyẹn. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó gbọ́ èyí ní mọ́sáláṣí, tí ó sì rí òdodo nínú kíláàsì, lè rò pé ẹ̀sìn ni ó purọ́ fún òun. Àwọn tí ó ń ka mílíọ̀nù ọdún sí kèfèrí náà ti kọjá ààyè wọn, nítorí Al-Kùránì kò ka iye ọdún ayé fún ẹnikẹ́ni.

Àríyànjiyàn àwọn onímọ̀ kò tíì tán. Àwọn kan gbà pé òkè ayọnáyèéfín ilẹ̀ Íńdíà dá kún ìparun náà. Ní 2016, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ kòtò Chicxulub. Ní 2021, wọ́n ròyìn pé iridium wà nínú òkúta tí wọ́n fà yọ níbẹ̀.