Bí A Ṣe Lè Yan Ráútà fún Ilé

Ọ̀rọ̀ ráútà ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ráútà ni ẹ̀rọ tí í gba íntánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, tí í sì pín in fún gbogbo kọ̀ǹpútà inú ilé.

Èkíní, kí ẹ tó náwó, ẹ wádìí ọ̀nà tí íntánẹ́ẹ̀tì yóò gbà wọlé. Bí ó bá jẹ́ síìmù ni ẹ ó lò, ráútà tí ó ní ojú síìmù ni kí ẹ rà. Níbi tí iná kì í dúró, èyí tí ó ní bátìrì nínú ni yóò ṣàǹfààní.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ògiri. Ìgbì 2.4 GHz a máa rìn jìnnà, a sì máa la ògiri kọjá ju ìgbì 5 GHz lọ. Ṣùgbọ́n 5 GHz ni ó yára jù nítòsí. Ẹ ra èyí tí ó ní méjèèjì, kí ẹ sì gbé e sí ibi gíga láàárín ilé. Kọ̀ǹpútà tí kì í kúrò lójú kan, wáyà ni kí ẹ fi so ó mọ́ ráútà.

Ẹ̀kẹta ni ààbò. Ẹ má ra èyí tí kò ní WPA2 tàbí WPA3, nítorí pé WEP àtijọ́ kò ṣòro fún olè láti já. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé ráútà délé gan-an, ẹ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà tí ó bá a wá. Bí àlejò bá mọ̀ ọ́n, yóò lo dátà yín tán, ẹ̀yin ni ẹ ó sì san owó rẹ̀.