Kí Ló Wà Nínú Omi Yìí?



Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kò le. Ohun tí à ń rí lójoojúmọ́ ni, ṣùgbọ́n a kì í wò ó dáadáa, nítorí ó ti mọ́ wa lára. Ọmọdé ló máa ń béèrè pé, "Ìyá, kí nìyí?" Àwa àgbà a ní, "Lọ jókòó jàre!" Bẹ́ẹ̀ àwọn baba wa ló wí pé abèèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ẹ jẹ́ ká mú tanwíji. Ta ni kò mọ̀ ọ́n nínú wa? Bí omi bá pẹ́ nínú ìkòkò tàbí nínú agolo lẹ́yìn ilé, a ó rí i tó ń jó sókè sódò. Níbo ló ti wá? Kí ló máa dà?

Ẹ bu omi náà sínú ìgò tí a lè rí inú rẹ̀. Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ẹnu ìgò, kí ẹ so ó le. Ẹ máa wò ó láràárọ̀. Ẹ ó rí i tó ń gòkè wá sójú omi. Atẹ́gùn ló wá mí níbẹ̀. Yóò máa dàgbà, yóò máa bọ́ awọ. Tó bá yá, yóò ká bíi kọ́mà inú ìwé yín, kò sì ní jẹun mọ́. Ní ọjọ́ kan, ẹ ó bá ẹ̀fọn lábẹ́ aṣọ náà. Ohun tó ń wẹ̀ lánàá ló ń fò lónìí! Àbí kò yani lẹ́nu?

Nígbà kan, àwọn oyinbo ń sọ pé afẹ́fẹ́ burúkú ló ń fa ibà. Àwa náà ń sọ pé oòrùn ni. Ṣùgbọ́n dókítà kan, Ronald Ross, kò yé béèrè. Ní ọdún 1897, ní ilẹ̀ Íńdíà, ó la inú ẹ̀fọn, ó fi awò tó ń mú ohun kékeré tóbi wò ó, ó sì bá kòkòrò ibà níbẹ̀. Àìmọye ènìyàn ló ti pa ẹ̀fọn ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n òun wo inú rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀fọn ló ń gbé ibà. Tanwíji ti èyí tó ń gbé e máa ń nà gbalaja sójú omi. Àwọn yòókù a dorí kodò, ṣùgbọ́n àwọn náà ní àrùn tiwọn. Èwo ló wà lẹ́yìn ilé yín?

Ibà ṣì ń pa ọmọ wẹ́wẹ́ nílẹ̀ wa. Ẹni tó bá ti fi ojú ara rẹ̀ rí ẹ̀fọn tó jáde láti inú omi, kò ní dúró de wolé-wolé kó tó da omi agolo nù.

Ẹ ti mọ̀wé kọ báyìí. Ẹ máa kọ ohun tí ẹ bá rí lójoojúmọ́ sílẹ̀: "Ọjọ́ kìíní, ó ń jó. Ọjọ́ kẹta, ó ti tóbi sí i." Tí ẹ bá wò ó tán, ẹ gbé ìgò náà sínú oòrùn gangan títí wọn ó fi kú, kí ẹ tó ṣí i o!

Bí ọmọ bá sì béèrè pé, "Kí nìyí?", ẹ má lé e. Ẹ pè é wá wò ó, kí ẹ ka ohun tí ẹ kọ fún un.