Omi Gbígbóná Nínú Ọkọ̀ Onílé



Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ìdílé mìíràn a máa fi ọkọ̀ onílé lọ lo ìsinmi. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń sùn, inú rẹ̀ ni wọ́n ń wẹ̀. Nínú púpọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ìkòkò omi gbígbóná kò ju lítà 10 lọ. Bí ó bá gbóná dé ìwọ̀n 60, tí a bu omi tútù là á, yóò di nǹkan bí lítà 18. Ṣáwà tí a ṣí sílẹ̀ lè dà á tán ní ìṣẹ́jú 3. Ẹni àkọ́kọ́ á gbádùn, ẹni ìkẹyìn á máa gbọ̀n.

Kí ni ṣíṣe? Ẹ da omi sí ara, ẹ ti ẹ̀rọ. Ẹ fi kànìnkànìn àti ọṣẹ ha ara, kí ẹ tó tún un ṣí láti ṣan ara. Lítà 4 yóò tó ẹnì kan. Ènìyàn 4 yóò sì wẹ̀. Ọgbọ́n ìyá tí ó ń fi garawa omi kan wẹ ọmọ 3 náà ni.

Kí ọmọ tí ó kéré jù kọ́kọ́ wẹ̀. Àgbà tí ó fẹ́ pẹ́ nídìí omi, kí ó dúró di ìgbà tí ìkòkò bá tún gbóná.