Oore Inú Ilé Ajagẹmọ

  

Lójú ayé wa báyìí ni àwọn abúlé ẹ̀bá títì Èkó sí Ìbàdàn di ìlú ńlá. Àwọn tí owó ilé Èkó lé jáde ń kọ́lé sí Mowe àti Ìbàfo. Ìfọ̀ tí ọkọ̀ ojú irin ń gbà kọjá náà ti kún. Àlejò ni ọ̀pọ̀ wa jẹ́ fún ara wa. Ògiri ga, a kò sì mọ orúkọ ẹni tí ń gbé lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ ìtàn kan.

Ní ọdún 1950, ayàwòrán kan, Susanne Wenger, tí a bí ní ìlú Graz lórílẹ̀-èdè Austria, bá ọkọ rẹ̀ Ulli Beier wá sí Ìbàdàn. Kò pẹ́ tí ikọ́ ife fi dá a wó. Ní Ẹdẹ ni ó ti bá Ajagẹmọ, àwòrò Ọbàtálá, pàdé. Wọn kò gbọ́ èdè ara wọn, síbẹ̀ Ajagẹmọ gbà á mọ́ra, ó sì fi ọ̀nà òrìṣà hàn án.

Oore náà kò dúró sára ẹni kan. Àjèjì yìí di Àdùnní Olórìṣà, ó sì tẹ̀dó sí Òṣogbo. Nígbà tí àwọn ojúbọ inú igbó Ọ̀ṣun ń wó, òun àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ bíi Adébísí Àkànjí, tó ti ṣe bíríkìlà rí, ni wọ́n tún wọn ṣe. Ní 2005, UNESCO ka igbó náà mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Ní 2009 ni Àdùnní papò dà. Ẹ wo ibi tí oore ẹnìkan ṣàn dé!

Nígbà tí mo ń kọ́ Ifá, kí a tó fọwọ́ kan ikin, omi ni olúwo mi máa ń ní kí n gbé fún ẹni tó bá wọlé. Mo rò pé iṣẹ́ ọmọdé lásán ni. Lóru ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí mo ti di bàbá, aládùúgbò kan kanlẹ̀kùn mi. Ẹ̀rù bà mí, n kò ṣí i. Ilẹ̀ mọ́ ni mo gbọ́ pé ara ọmọ rẹ̀ ló gbóná. Ẹlòmíràn ló gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Ọmọ náà yè, ṣùgbọ́n ìtìjú rẹ̀ kò tíì kúrò lára mi. Ọjọ́ náà ni ẹ̀kọ́ omi yẹn tó yé mi.

Ifá kọ́ wa pé nígbà tí Ìwà fi ilé Ọ̀rúnmìlà sílẹ̀, ìdẹ̀ra bá a lọ. Bí a bá ní ìgbàgbọ́ nínú orí tiwa, ẹ jẹ́ kí a bọ̀wọ̀ fún orí ẹlòmíràn. Kí ọdún tó ń bọ̀ tó pé, kí olúkúlùkù wa mọ aládùúgbò mẹ́ta lórúkọ, ìbáà ṣe mùsùlùmí, ìbáà ṣe ọmọlẹ́yìn Kristi. Bí ẹnikẹ́ni bá sì kanlẹ̀kùn lóru, ẹ dá a lóhùn.

Ifá á gbè wá o. Àṣẹ.