Igbó Ọ̀ṣun: Ogún Gbogbo Wa

Ẹ̀yin ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún nílé àti lẹ́yìn odi, Igbó Ọ̀ṣun tí ń bẹ ní Òṣogbo kì í ṣe ti ará Òṣogbo nìkan. Ní ọdún 1965 ni ìjọba àpapọ̀ sọ apá kan rẹ̀ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní 2005, àjọ UNESCO kà á mọ́ ogún gbogbo ayé. Hẹ́kítà 75 ni. Èèwọ̀ ni ọdẹ ṣíṣe, ẹja pípa àti igi gígé níbẹ̀. Èèwọ̀ yìí ni ó dá a sí.

Ṣùgbọ́n èèwọ̀ kò dá ẹrẹ̀ dúró. Àwọn awakùsà wúrà ti ba omi odò náà jẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi kìlọ̀ ní 2022 pé kí a má mu ún. Ọ̀rá àti ike àwọn àlejò sì ń kún ọ̀nà.

Nítorí náà, àwa olùkọ́ ń bẹ ẹgbẹ́ wa: bí ọdún Ọ̀ṣun oṣù kẹjọ bá ti parí, ẹ jẹ́ kí ọ̀dọ́ wa lọ bá àwọn olùtọ́jú igbó náà ṣa ìdọ̀tí. Ọmọ tí ó bá tọ́jú ti Òṣogbo kò ní fi igbó ìsun-omi Àyìkúnnugbà ní Òkè-Ìlá ṣòfò. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ jẹ́ kí a jùmọ̀ ṣe é.