Ta Ni Yóò Pọn Omi Náà Wá sí Kíláàsì?

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí àwọn ohun èlò ẹ̀kọ́ tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àti bí olùkọ́ ṣe lè fi wọ́n kọ́ ọmọ. Ọ̀rọ̀ "ọ̀fẹ́" yẹn gan-an ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú.

Odò kì í gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, ẹni tí yóò mu omi rẹ̀ nílé ní láti wá ìkòkò, kó ká òṣùká, kó rìn lọ, kó sì rù ú bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì rí. Wọn kò bèèrè kọ́bọ̀ kí a tó wò ó, ṣùgbọ́n a ó ra dátà, a ó wá iná mànàmáná, olùkọ́ á sì fi oorun du ara rẹ̀ nítorí iṣẹ́.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé fídíò wọ kíláàsì, ẹ̀kọ́ nípa bí ọkàn ṣe ń ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara ni. Ọmọ 45 ló ṣù mọ́ fóònù mi. Fídíò dé ìdajì, ó dúró, dátà ti tán. Ojú tí àwọn ọmọ náà fi wò mí kò kúrò lọ́kàn mi títí dòní. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé ohun tí n kò bá tíì gbà sórí ẹ̀rọ mi láti ilé, n kò ní í gbára lé e níwájú ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀kọ́ kan hàn yín bí mo ṣe ń kọ́ ọ. Carl Wieman, onímọ̀ físíìsì tó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2001, dá iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní 2002 ní Yunifásítì Colorado tó wà ní Boulder, ní Amẹ́ríkà. PhET ni orúkọ rẹ̀. Àwòrán tí ọmọ lè fọwọ́ yí padà ló kún ibẹ̀, tí yóò sì máa hùwà bí ohun gidi ṣe ń hùwà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ gbà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó di tiyín. Kò tún bèèrè nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́.

Ìwé ẹ̀kọ́ á ya bátìrì, wáyà àti gílóòbù, á fi ọfà tọ́ka, ó parí. Ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní yàrá tí a ti ń dán iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì wò pọ̀ láàárín wa. Nínú PhET, ọmọ á fa bátìrì wá, á so wáyà mọ́ ọn, á wá to gílóòbù méjì tẹ̀léra, bí àwọn tó ń tọ ara wọn lẹ́yìn lójú ọ̀nà oko tóóró. Kó tó fọwọ́ kan ohun mìíràn, màá bi kíláàsì pé: "Bí a bá tú gílóòbù kan kúrò, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí èkejì?" Kí kálukú kọ èsì tirẹ̀ sínú ìwé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin olùkọ́, ibí yìí ni ẹ̀kọ́ wà. Ọmọ tó bá ti kọ èrò rẹ̀ sílẹ̀, ojú tí yóò fi wo ohun tó ń bọ̀ yàtọ̀ sí ojú ẹni tó kàn ń wòran. A tú ọ̀kan, méjèèjì kú. Lẹ́yìn náà a fún gílóòbù kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tirẹ̀ láti ara bátìrì. A tú ọ̀kan, èkejì ń tàn lọ. Nígbà náà ni ẹnì kan á pariwo pé: "Ìdí nìyẹn tí gílóòbù yàrá kò fi kú nígbà tí ti pálọ̀ wa jó!" Ó ti débẹ̀, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló sì fi rìn.

Ẹ sì kíyè sí i pé Yorùbá ló fi pariwo. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọlọ́dún mẹ́fà kan: wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì títí dé kíláàsì kẹfà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lára iṣẹ́. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn rárá. Ìwé tí wọ́n nílò kò sí nílẹ̀ ní Yorùbá. Ṣe ni Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó kọ ọ́. Ipò tí olùkọ́ wà lónìí nìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù nínú ohun ọ̀fẹ́ tí a ń rí. Bí olùkọ́ bá tan fídíò sílẹ̀ tó sì lọ jókòó, ó pọn omi dé ẹnu ọ̀nà, kò bù ú fún ọmọ.

Ibi tí Yorùbá ti ràn wá lọ́wọ́ ni pé èdè wa ya ọ̀fẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára òmìnira. Ohun kan lè jẹ́ ọ̀fẹ́ láti wò, kí ẹni tó ni ín má sì gbà kí o tẹ̀ ẹ́, kí o túmọ̀ rẹ̀ tàbí kí o pín in. Nítorí èyí ni wọ́n fi dá Creative Commons sílẹ̀ ní 2001, kí ẹni tó ṣe iṣẹ́ lè kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ó yọ̀ǹda. African Storybook, tó bẹ̀rẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà, jẹ́ kí olùkọ́ túmọ̀ ìtàn ọmọdé sí èdè ìlú rẹ̀, kó sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ẹ máa wá irú ìyọ̀ǹda bẹ́ẹ̀.

Fún olùkọ́ Yorùbá, mo fẹ́ràn YorubaName, àkójọ orúkọ tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀. Kí ọmọ wá orúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀, kó wá lọ bi ìyá rẹ̀ àgbà bóyá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe túmọ̀ rẹ̀ nílé wọn. Bí orúkọ náà kò bá sí níbẹ̀, ọmọ lè fi í ránṣẹ́ sí wọn.

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ronú sí ọ̀rọ̀ ìkòkò tí a ó fi pọn omi yìí ní 2013, nígbà tí wọ́n gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde. Wọ́n kó ìwé àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá sínú tábúlẹ́ẹ̀tì kó tó dé ọwọ́ ọmọ. Owó ìjọba ni ìyẹn ná. Ṣùgbọ́n olùkọ́ kan lè dá díẹ̀ ṣe: Kiwix ń jẹ́ kí a ka Wikipedia láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, Kolibri sì ń sọ kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo di kànga àárín ọgbà, tí fóònù àwọn ọmọ á ti máa fa ẹ̀kọ́ láìná dátà.

Kọ̀ǹpútà mi wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹ̀kọ́ gílóòbù méjì yẹn wà nínú rẹ̀, àwọn tó ṣe é sì gbà ká pín in fún ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá mú fóònù tàbí fláàṣì wá, kó dúró gbà á kó tó lọ. Màá wà níbẹ̀ títí ẹni ìkẹyìn á fi gbà tirẹ̀.