Ọ̀nà Àbùjá Inú Ọkàn



Ọ̀rọ̀ ọmọ tí àyà rẹ̀ máa ń dédé sáré ni mo bá wá. Ọmọ náà ń gbá bọ́ọ̀lù, tàbí ó kàn bẹ̀rẹ̀ láti mú nǹkan nílẹ̀, ni àyà rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì, ó ju ìgbà 150 lọ ní ìṣẹ́jú kan, nígbà mìíràn ó lé ní 200. Òòyì ń kọ́ ọ, òógùn ń bò ó. Tó bá yá, ó dáwọ́ dúró lójijì bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, ara ti dá. Wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò ga. Àwọn kan á ní ó ń ronú jù, àwọn mìíràn á ní ayé ló ń ṣe é. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká yọ ọmọ yìí kúrò nínú ẹ̀sùn méjèèjì. Àìsàn rẹ̀ lórúkọ, ó sì ní ìwòsàn.

Kí n tó dárúkọ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọkàn ṣe ń lù. Ní ọdún 1907 ni Dókítà George Green dé Ògbómọ̀ṣọ́, tí iṣẹ́ ìwòsàn àwọn Onítẹ̀bọmi, tó di ilé ìwòsàn Yunifásítì Bowen lónìí, fi bẹ̀rẹ̀. Ọdún yẹn gan-an ni Arthur Keith àti Martin Flack kọ̀wé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé àwọn ti rí ibi tí iná mànàmáná tó ń mú ọkàn lù ti ń ṣẹ̀ wá, lápá òkè ọkàn lọ́wọ́ ọ̀tún. Ní 1906, Sunao Tawara, ọmọ Japan tó ń ṣiṣẹ́ ní Jámánì, ti fi ojú ọ̀nà kan ṣoṣo tí iná náà ń gbà bọ́ sí yàrá ìsàlẹ̀ ọkàn hàn. Níbẹ̀, iná náà máa ń dúró díẹ̀, kí yàrá òkè lè da ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ tán.

Nínú ènìyàn 1000, a máa ń rí ẹnì kan sí mẹ́ta tí wọ́n bí pẹ̀lú ọ̀nà kejì: fọ́nrán ẹran ọkàn tó yẹ kó ti pòórá kí wọ́n tó bí wọn. Bí ẹni tó gba àbùjá inú oko láti Ìrẹ̀sà wa níbí lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe ń ṣáájú ẹni tó gba títì, bẹ́ẹ̀ ni iná tó gba fọ́nrán yìí ṣe ń dé ìsàlẹ̀ ṣáájú àkókò. Bí iná bá gba ojú ọ̀nà sọ̀kalẹ̀, tó tún gba àbùjá padà sókè, á máa yí po, ọkàn á sì máa sáré tẹ̀lé e. Àwọn dókítà Wolff, Parkinson àti White ló kọ ìròyìn aláìsàn 11 bẹ́ẹ̀ jáde ní 1930. Orúkọ wọn ni ayé fi ń pè é.

Ní 1968, ní Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà, Dókítà Will Sealy la àyà apẹja kan tó ní àìsàn náà, ó sì gé àbùjá náà. Lónìí, a kì í sábà la àyà mọ́ nítorí rẹ̀. Dókítà á ti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú iṣan ńlá ní ìdí itan, á tì í dé ọkàn, á máa wá ibi tí iná ti ń yára kọjá. Tó bá rí i, á mú kí ẹnu wáyà gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 60 Celsius. Ibẹ̀ á di àpá tí kò fẹ̀ ju mìlímítà díẹ̀ lọ, iná kì í sì í gba inú àpá kọjá. Ní 1991, Warren Jackman àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oklahoma ròyìn ènìyàn 166 tí wọ́n ṣe é fún. Ó yọrí fún 164. Ó padà sára àwọn 15, wọ́n sì tún un ṣe. N kò ní fi ewu rẹ̀ pamọ́: bí àbùjá bá sún mọ́ ojú ọ̀nà gidi, ooru wáyà lè ba ìyẹn náà jẹ́, a ó sì ní láti fi ẹ̀rọ sí àyà tí yóò máa mú ọkàn lù.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní àbùjá ni a gbọ́dọ̀ ṣe é fún. Ohun tí mo bẹ̀rù ni ọjọ́ tí yàrá òkè bá ń gbọ̀n láìlétò: àbùjá kì í dá iná dúró, ọkàn lè dákẹ́ lójijì. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, oògùn ọkàn bíi verapamil tàbí digoxin lè dá kún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra oògùn ọkàn lọ́wọ́ onísọ́ọ̀bù.

Àwọn ilé ìwòsàn tó ń fi wáyà jó àbùjá kò pọ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, owó rẹ̀ sì wúwo. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ECG, tó ń ya ìrìn iná inú ọkàn sórí ìwé, tó sì ń tú àṣírí àìsàn náà, kò ṣòro rí bẹ́ẹ̀. Ó lè fi àbùjá hàn nígbà tí ara ọmọ bá balẹ̀ pàápàá. Mo fẹ́ kí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà ní Ìrẹ̀sà níbí, pẹ̀lú nọ́ọ̀sì tó mọ̀ ọ́n lò, kí ọmọ tí àyà rẹ̀ ń sáré má tún rin títì kó tó rí ẹni yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ̀yin tíṣà, bí ó bá mú ọmọ ní kíláàsì, ẹ fi ìka sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ẹ ka ìlù náà fún ìṣẹ́jú kan, ẹ kọ iye rẹ̀ àti aago tó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn kó tó dáwọ́ dúró. Bí ó bá dákú, ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ gba ìwé ECG ọmọ yín lọ́wọ́ ilé ìwòsàn, ẹ tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ. Dókítà tí yóò jó àbùjá náà lọ́dún mélòó kan sí i yóò béèrè rẹ̀.